Ooru kọ́ ló ń sọ abo ìbẹ́pẹ di akọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èyí tẹ́ ẹ sọ pé ooru ọ̀ẹ̀rùn máa ń sọ abo ìbẹ́pẹ di akọ, pé ká gé e dànù, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Látinú kóró ni akọ tàbí abo ti wá, abo gidi kì í yí padà torí oòrùn. Ẹ̀yà kẹta ni ooru ń dà láàmú, èyí tó ní akọ àti abo nínú òdòdó kan ṣoṣo, tí èso ẹ̀ máa ń gùn (òun náà ló pọ̀ lọ́jà), tí ooru bá ti mú jù, ibi tó yẹ kó di èso nínú òdòdó ẹ̀ ò ní dàgbà, á wá máa yọ òdòdó bí akọ, tójú ọjọ́ bá rọ̀ á tún padà so. Òtútù náà ń ṣe tiẹ̀, èso á kàn rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ má tíì yọ àdá.