Ewé tó rọ ò tíì kú o

Lọ́sàn-án Sátidé ni àbúrò mi fa ata rodo mẹ́ta tu lẹ́yìnkùlé wa níbí ní Ìgbógbó, ó ní wọ́n ti kú. Kú báwo? Oòrùn ló mú jù fún wọn tí ewé wọn fi so rọ̀, ká ní ó bu omi sí wọn nídìí kó sì dúró dìrọ̀lẹ́ ni, wọn ì bá ti gbérí. Wọ́n rọ ni, wọn ò kú!

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ "rọ" yẹn ti ń bọ́ lẹ́nu wa, gbogbo ẹ̀ ti di "ó ti kú", "ó ti bàjẹ́". Mọ́mì wa tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Sábó, Ìkòròdú, kì í pè é bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ní ṣọkọ rọ, omi lẹ máa wọ́n sí i. Tí wọ́n bá ní ó rẹ̀, ó ti ń pọ́n nìyẹn, ó ti ń já bọ́, ẹ ṣà á kúrò. Tó bá wá gbẹ, ó parí. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódidi ní 1884 gan-an ò pa wọ́n pọ̀, ẹ wo Àìsáyà 40:8, koríko ń rọ, ìtànná ń rẹ̀.

Omi inú ewé ló ń gbé e dúró bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé táyà dúró, tí oòrùn bá ti ń fa omi jáde ju bí gbòǹgbò ṣe ń fà á wọlé, ewé á rọ. (Omi àpọ̀jù náà ń fà á o, torí gbòǹgbò ò ní rí èémí mí.) Lójú tèmi, rọ yìí kan náà ló wà nínú arọ, nínú rọpárọsẹ̀, àti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán oògùn ẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu, ẹsẹ̀ tí ò lágbára mọ́ bí ewé tómi tán lára ẹ̀. Àwọn tó fún àìsàn yẹn lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń wò!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí i tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Òjò ló ń rọ̀, ewé ló ń rọ, "ewe ro" lásán ò yé ẹnikẹ́ni.

Mo ti tún ata mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀kan ti gbérí láàárọ̀ yìí, méjì tó kù ṣì rọ, mo ṣì ń bu omi sí wọn.