Irọ́ ni pé tí kò bá sí ọlọ́pàá, ẹranko la máa dà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra WAEC lọ́dọ̀ mi níbí l'Ákùúrẹ́ parí Lord of the Flies lálẹ́ àná, ìtàn àwọn ọmọkùnrin tó há sí erékùṣù láìsí àgbà kankan, tí wọ́n wá ń pa ara wọn, ó pa ìwé dé, ó ní "Àǹtí, bí èèyàn ṣe rí gan-an nìyẹn, ẹ ṣáà yọ àgbà àti ọlọ́pàá kúrò láàárín wa kẹ́ ẹ wo bá a ṣe máa pa ara wa jẹ." Ó dùn mí, torí kì í ṣòun nìkan, nínú ọkọ̀ lọ s'Ọ́jà Ọba gan-an wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé Bíbélì ló wí i.

Ẹ gbọ́ o, àròsọ ni. William Golding tó kọ ọ́ ní 1954, tíṣà ni, ó ti jagun lórí omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ojú ẹ̀ ti rí nǹkan, ìwé náà sì dáa. Àmọ́ inú orí ẹ̀ ló ti mú àwọn ọmọ yẹn jáde.

Àwọn tó há lóòótọ́ wà. Ní 1965, ọmọkùnrin mẹ́fà ní Tonga, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, tí iléèwé bọ́ọ̀dìn sú gbé ọkọ̀ ojú omi olọ́kọ̀ sá lọ, ìjì gbá wọn, ọjọ́ mẹ́jọ ni omi fi ń gbé wọn kiri kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí ʻAta, erékùṣù tí ò séèyàn kankan níbẹ̀. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n lò. Méjì méjì ni wọ́n pín iṣẹ́, oko, oúnjẹ, ìṣọ́, iná tí wọ́n sì dá, wọn ò jẹ́ kó kú títí ọjọ́ tí wọ́n fi rí wọn. Tí méjì bá jà, kálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ kí inú ẹ̀ lè rọ̀, tó bá yá wọ́n á padà wá bẹ ara wọn. Ọ̀kan já bọ́ lórí àpáta, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e, wọ́n fi igi àti ewé di í bí àwọn bàbá tó ń to eegun ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní kó sùn sílẹ̀, àwọn á máa ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ mọ́ tàwọn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé èèyàn ti gbé ʻAta yẹn rí. Ní 1863, ọkọ̀ àwọn tó ń kó ẹrú wá, wọ́n tan wọ́n, wọ́n kó èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ebi ò pa àwọn tó kó wọn yẹn, wọn ò há síbì kankan, owó ni wọ́n ń wá!

Fágúnwà tiwa, ọmọ Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, mọ̀ ọ́n ní 1938 nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Lọ́nà Òkè Láńgbòdó, bí ewu ṣe ń le sí i ni àwọn ọdẹ yẹn ń sún mọ́ra sí i, ẹ̀bùn kálukú ló ń yọ èkejì. Lóòótọ́ Kàkó, ọ̀kan nínú wọn, pa ìyàwó ẹ̀, mi ò ní fi pamọ́, àmọ́ ìgbà yẹn wọn ò tíì débi tí ewu wà rárá.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọmọ yìí, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ńkọ́. Mo ní nígbà tí Peter Warner, atukọ̀ ará Australia, rí wọn ní September 1966 tí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò, eegun náà ti so pọ̀ dáadáa.