Ẹ Kú Ìṣọ́ra, Ẹ̀yin Onípílásítà

Kí gbogbo ẹ̀yin onípílásítà ojú kámẹ́rà dìde, kí ẹ wá wo ọ̀gá yín. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó lẹ pílásítà mọ́ ojú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ya fọ́tò pílásítà náà, ó sì gbé e síta kí tọmọdé tàgbà lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yọjú wò. "Àṣírí mi, tèmi ni," ló kọ sí i. Lókè ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ ibi tó ń gbé wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí tábìlì, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn gbangba gbàǹgbà.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọgbọ́n. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú kí n lè kọ́ iṣẹ́ dáadáa. Pílásítà ojú egbò gidi ni o, aláwọ̀ ara, tó ní ihò wínníwínní. Àárín rẹ̀ níbi tí òwú wà ló fi bo kámẹ́rà, bóyá kí ẹ̀jẹ̀ má baà jáde. Igun rẹ̀ kan ti ká sókè, eruku sì ti tò sí etí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún wá jọ ọmọ tó lọ jà nílé ìwé, tí wọ́n sáré fi pílásítà dí lójú kan kí ìyá rẹ̀ tó dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ṣé ó máa ń ṣí i bí ó bá fẹ́ ṣèpàdé orí fídíò, kó tún un lẹ̀ bí wọ́n bá parí? Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ńkọ́, ṣé ó máa ń fi itọ́ tọ́ ọ? Ṣé ó máa ń pààrọ̀ rẹ̀, àbí kọ̀ǹpútà náà ò ní san láéláé?

Fóònù tó fi ya fọ́tò yìí ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn, ojú kan níwájú, ó ń gbọ́ràn, ó mọ ọ̀nà gbogbo ibi tó ń lọ, ó sì ń bá a wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyẹn ò gba pílásítà. Pílásítà á ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.

Àwọn ọlọ́lá àárín yín ti kọjá pílásítà, ìdérí kékeré tó ń yọ́ sọ́tùn-ún yọ́ sósì ni wọ́n ń lò. Wọ́n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà káàdì báńkì sílẹ̀ kí wọ́n tó fi ohun tí wọ́n máa fi para mọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ kú ìṣọ́ra o!

Mo mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook àti Instagram, fún mi. Òótọ́ ni, lọ́dún 2016 ó ya fọ́tò láti fi yọ̀ pé àwọn tó ń lo Instagram lóṣù ti lé ní 500 mílíọ̀nù, àwọn tí ojú wọn mú sì rí téèpù lójú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì. Ẹni tó ń ta ọjà mọ ohun tó wà nínú ọjà. Ẹ̀yin rí ti téèpù, ẹ sì sáré lọ lẹ tiyín. Ẹ wá gbé fọ́tò rẹ̀ lọ sórí Instagram.

Ta ló tilẹ̀ sọ fún yín pé ojú yín ni wọ́n ń wá? Max Schrems, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ọmọ ilẹ̀ Austria, ní kí Facebook fún òun ní gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òun lọ́dún 2011. Ojú ìwé 1,222 ló gbà, ọ̀rọ̀ tó ti pa rẹ́ tipẹ́tipẹ́ sì wà níbẹ̀. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, tó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe: ó bínú, ó gba ilé ẹjọ́ lọ, nígbà tó sì di 2015, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fagi lé àdéhùn Safe Harbor tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń kó ìsọfúnni àwọn ará Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà. Bí èèyàn ṣe ń bínú nìyẹn. Ẹ̀yin bínú, ẹ wá òwú àti gọ́ọ̀mù lọ.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kéde. "Láti òní lọ, mi ò fún Facebook láyè láti lo fọ́tò mi." Ìkéde yìí ti ń jà ràn-ìn láti bíi 2012, orí Facebook náà sì ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n ní ká dà á kọ ni, pé bí a bá kàn pín in, agbára rẹ̀ á dínkù. Ẹni tó ti tẹ "mo gbà" láìka ìlà kan! Níbi àìkà yìí, ẹ jẹ́ n ṣe ẹ̀tọ́ fún yín. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Carnegie Mellon ṣírò rẹ̀ pé bí ará Amẹ́ríkà kan bá fẹ́ ka ìlànà ìpamọ́ àṣírí gbogbo ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń yà sí lọ́dún kan, wákàtí 244 ló máa gbà á. Ẹni tó kọ ìwé báyẹn ò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni kà á. Mi ò bá yín wí lórí èyí.

Àmọ́ ẹ̀yin asáré òwúrọ̀, mo bá yín wí. Lójoojúmọ́ lẹ̀ ń gbé máàpù síta, láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, pẹ̀lú aago. Lọ́dún 2018, àwọn èèyàn ṣàkíyèsí pé máàpù Strava, áàpù tí àwọn asáré fi ń ka ìrìn wọn, ń tàn yanran láàárín aṣálẹ̀ ní Síríà àti Afghanistan. Àwọn sójà ló ń sáré yí bárékè wọn ká. Ìjọba fi ìbọn àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣọ́ ibẹ̀, aago ọwọ́ ló tú u fó.

Nígbà tí èmi ń dàgbà, a máa ń fi itọ́ lẹ létà pa, ẹni tó bá sì ṣí létà ẹlòmíràn ti dá ìjà sílẹ̀. Àwọn àgbà á lé wa jáde kí wọ́n tó dárúkọ owó. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ikùn mi sí, ìsàlẹ̀ àpótí ló ń gbé. Àbúrò mi kà á lẹ́ẹ̀kan. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọlé fún sáà tuntun, n ò sì tíì dárí jì í tán.

Bí ẹ bá tú ara yín nìkan síta, ǹ bá panu mọ́. Ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí láti polówó ọjà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé Ọ̀gá Abínúfùfù ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Bó ṣe hàn lójú fóònù rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pa nọ́ńbà mi mọ́, ó wá gbé áàpù kan tó ń sọ orúkọ ẹni sórí fóònù rẹ̀, áàpù béèrè bóyá kí òun kó gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó ní kó máa kó lọ. Èmi ò tẹ nǹkan kan. Mo pa fóònù mọ́ ọmọbìnrin náà létí, kò sì sí bí kò ṣe ní gbà pé èmi náà ni.

Ọ̀rẹ́ mi sì ní kámẹ́rà òun ní ìdérí!

Nọ́ńbà tilẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Itọ́ tí a fi ń lẹ létà pa ni wọ́n ń tu sínú ìgò báyìí, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ 23andMe kí wọ́n lè mọ ìran wọn. Lọ́dún 2023, àwọn jàgùdà wọ inú àkáùǹtì bíi 14,000 níbẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó ìsọfúnni èèyàn bíi 6.9 mílíọ̀nù, nítorí pé àwọn oníbàárà ti gbà kí wọ́n máa fi ìbátan han ìbátan. Ẹnì kan ló jẹ́ kí ọ̀tá wọlé, gbogbo ẹbí ló sùn síta.

Nítorí náà, ẹ yé fi pílásítà bú wa. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi àwòrán òdòdó bo ojú ọmọ nínú fọ́tò, tí orúkọ ilé ìwé hàn láyà aṣọ rẹ̀, tí ẹ sì kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kí lẹ bò? Ta ni kò mọ ọmọ yẹn? Ẹ lọ wo ohun tí áàpù inú fóònù yín ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ìwé nọ́ńbà padà, torí pé èmi àti ìyá yín àti ọ̀gá yín la wà nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bi wá.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo ní kó pa orúkọ yẹn rẹ́ kíá. Ó bẹ̀ mí, ó ní ó ti tán. Kí n lè gbà á gbọ́, ó ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀, ó sì jù ú sínú gúrúùpù ẹgbẹ́ wa kí gbogbo wọn jẹ́rìí. Nọ́ńbà mi wà níbẹ̀ lódindi. Orúkọ tuntun tó fún mi ni "Ó Tún Ti Bínú".