Ẹ kọ́kọ́ ka ewúrẹ́ inú àwòrán náà ná

Fọ́tò yẹn tún ti ń kiri lórí WhatsApp: olùkọ́ CI kan (kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ) gbé ìwé ìtàn aláwòrán sókè, àwọn ọmọ lanu sí i, gbogbo ẹ̀yin èèyàn mi sì ń pàtẹ́wọ́ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láyé òde òní nìyẹn. Ìwé náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì kẹfà, kí ló fẹ́ kà níbẹ̀? Èékánná olùkọ́ ni?

Mi ò bá ìwé àwòrán jà o. Àwọn tó ní eré lásán ni, pé kí ọmọ ṣáà máa ké "un, deux, trois", mi ò ní tiwọn í sọ lónìí. Ọmọ tó ń ké e geerege yẹn náà ni ẹ ó bi pé ewúrẹ́ mélòó ló wà níbí, tí yóò fi ìka kà á dé orí 6 láìṣìṣe. Ẹ wá bi í pé, "Mélòó ni gbogbo rẹ̀?" Á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Kò tíì yé e pé iye tó kà kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Orin ló mọ̀.

Àwòrán lè tú u sílẹ̀, bí olùkọ́ bá mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n ka ìwé láti èèpo dé èèpo, kí wọ́n béèrè pé "Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́ nínú ìtàn yìí?", kí wọ́n sì pa á dé. Ìṣirò ọ̀hún dà?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí olùkọ́ ti fi ìka ka gbogbo nǹkan tó wà lójú ìwé. Ọ̀rọ̀ ìtàn á ní ewúrẹ́ 6, ayàwòrán á ya 5, tàbí kí ìkẹfà wà lẹ́yìn igi, kìkì ìrù ló yọ síta. Bí ẹ bá ti rí i ṣáájú, kò sí ìbéèrè tó dùn tó o nínú gbogbo ìwé náà. Bí ẹ kò bá rí i, ìdajì kíláàsì á ní 5, ìdajì á ní 6, pàṣán ni yóò sì parí ìjà.

Tí ọmọ inú kíláàsì bá ti ju 15 lọ, ẹ tún ojú ìwé kan ṣoṣo yà sórí bébà ńlá. Àpò sìmẹ́ǹtì tó. Ìta ni kí ẹ ti gbọn ọ́n, torí eruku rẹ̀ kò dára fún ojú àti àyà ọmọdé. Ẹ là á, ẹ ya awẹ́ rẹ̀ síra, kí ẹ lo ojú tí kò kan sìmẹ́ǹtì, tí wọn ò sì tẹ nǹkan kan sí.

Ẹ ka ìtàn náà tán lẹ́ẹ̀kan láìbi wọ́n ní nǹkan kan. Ní ìgbà kejì, ẹ dúró lójú ìwé yẹn, ẹ ṣí àwòrán fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ fi aṣọ bò ó. "Mélòó lẹ rí? Báwo lẹ ṣe rí i?" Ojú lè mú nǹkan bíi 4 lẹ́ẹ̀kan náà láìkà á, 6 á wá jẹ́ 4 àti 2 lójú ẹnì kan, 3 àti 3 lójú ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ìròpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ ayò 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan fún ewúrẹ́ kan. Ẹ má fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ta ayò.

Àwòrán tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun: páálí ẹyin. Ihò rẹ̀ jẹ́ 30, ìlà 5, ihò 6 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya páálí tí ẹyin kún inú rẹ̀, kó ku ihò 2 lófìfo. Ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń sọ Yorùbá nílé kò ní láti ka ẹyin kankan: ọgbọ̀n ni páálí, méjì ló dín, méjìdínlọ́gbọ̀n. Orúkọ náà ti ya àwòrán ara rẹ̀. "Vingt-huit" ti Faransé ní tirẹ̀ fẹ́ kí ó kúrò ní ogún kó máa gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ihò òfìfo kò gbọdọ̀ ju 5 lọ. Tó bá fi lè di 6, ẹyin ku 24, Yorùbá náà á yí padà, á di mẹ́rìnlélógún, ohun tí ẹ ń fi hàn á sì dàrú mọ́ ọmọ lójú.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ègùn ti jọ ń jókòó, ló wá dá mi lágara. Èdè Ègùn kì í yọ níbi tí a ti ń yọ; 16 tiwọn, ẹẹ́dógún ni wọ́n fi ẹyọ kan lé. Bí ẹ bá ya àwo ọsàn tó ń gba 20, tí àyè 4 ṣófo, ọmọ Yorùbá á wo àyè tó ṣófo, ọmọ Ègùn tó jókòó tì í á wo ọsàn. Èwo ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè? Mo fẹ́ sọ pé kó béèrè méjèèjì, àmọ́ ọmọ ọdún 6 ni wọ́n, Faransé gan-an ṣì wúwo lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ CI ní Àjàṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?