Kì í ṣe páńpẹ́ ọ̀tá ló wà lókè Bara Imambara

Ẹni tó bá ti wo fídíò kan ṣoṣo nípa ìlú Lucknow ní Íńdíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ti gbọ́ ọ: ọba kan kọ́ ilé tó ní ọ̀nà 1,024, kí ọ̀tá tó bá wọ ibẹ̀ má lè rọ́nà jáde mọ́. Wọ́n á tún fi kún un pé ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó lọ títí dé Delhi. Bhul Bhulaiya ni wọ́n ń pe ibẹ̀, òkè ilé Bara Imambara ló wà, òótọ́ sì ni pé èèyàn lè ṣìnà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ọ̀tá ni wọ́n ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé ìtàn yìí ti bo làákàyè àwọn tó kọ́lé náà mọ́lẹ̀.

Asaf-ud-Daula, Nawab (ìyẹn ọba) ilẹ̀ Awadh, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ. Òun ló gbé olú ìlú kúrò ní Faizabad wá sí Lucknow ní 1775. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní àríwá Íńdíà ní 1783 sí 1784, iṣẹ́ ló dá sílẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa: ẹni tó bá ru bíríkì á gba owó ọ̀yà rẹ̀. Títí dòní, àwọn ará Lucknow ṣì máa ń sọ pé ẹni tí Ọlọ́run kò bá fún, Asaf-ud-Daula á fún un. Wọ́n parí ilé náà ní 1791.

Ibi ìpéjọ ni, níbi tí àwọn Mùsùlùmí Ṣíà ti ń ṣọ̀fọ̀ Husayn, ọmọ ọmọ Ànábì Muhammad, tí wọ́n pa ní Karbala ní 680. Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe odi ogun. Inú gbọ̀ngàn rẹ̀ náà ni wọ́n sin Asaf-ud-Daula sí nígbà tó kú ní 1797.

Gbọ̀ngàn yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ó gùn tó nǹkan bí 50 mítà, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 16, òrùlé rẹ̀ sì ga tó nǹkan bí 15. Wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, o kò ní rí òpó kan ṣoṣo láàárín. Kò sí irin tó gbé òrùlé náà ró, kò sí igi àjà, ayé ò sì tíì ní sìmẹ́ǹtì òde òní nígbà náà. Bíríkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní lakhauri ni wọ́n tò lé ara wọn, wọ́n sì fi ẹfun pípò lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Bíríkìlà èyíkéyìí tó bá wọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló gbé dẹ́kìn yìí dúró? Òrùlé náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tẹ̀ bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, bíríkì kan sì ń fún èkejì mọ́ àyè rẹ̀. Àmọ́ òrùlé tó bá tẹ̀ báyìí kì í tẹ ìsàlẹ̀ nìkan, ó tún máa ń ti ògiri síta lọ́tùn-ún àti lósì. Bí kò bá sí ohun tó ti ògiri náà lẹ́yìn, á là, òrùlé á sì já wálẹ̀.

Kifayatullah, ẹni tó ya àwòrán ilé náà, wá fi àwọn yàrá mìíràn yí gbọ̀ngàn náà ká, kí wọ́n lè ti ògiri rẹ̀ padà. Òrùlé àwọn yàrá wọ̀nyí kò ga bákan náà, àyè ńlá sì ṣẹ́ kù lókè wọn. Bí ó bá fi bíríkì dí àyè yẹn pa, ẹrù náà á pọ̀ jù fún ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀ lófìfo, ògiri ò ní rí ohun tó máa dì í mú. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ọ̀nà tóóró tóóró la àyè náà já, tí ògiri wọn ń ti ara wọn, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá. Ẹrù fúyẹ́, ògiri dúró. Àwọn ọ̀nà tóóró yẹn la wá ń pè ní páńpẹ́ lónìí.

Ohun tó ń mú èèyàn ṣìnà náà kò ṣòro láti yé. Àwọn amọ̀nà máa ń sọ pé ẹnu-ọ̀nà 489 ló wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn jọra. Òrùlé tó wà nísàlẹ̀ kò sì dọ́gba, nítorí náà o ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀, o ó tún sọ̀ kalẹ̀, o ó yà, kó o tó mọ̀, o ò mọ apá ibi tó o ti wá mọ́. Lójijì ni ọ̀nà kan á já ọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọjú sínú gbọ̀ngàn láti òkè. Amọ̀nà á dúró sí ìpẹ̀kun kan, á ṣá ìṣáná, ìwọ tó o wà ní ìpẹ̀kun kejì á sì gbọ́ ọ ketekete.

Ọ̀tá wo gan-an ni wọ́n tiẹ̀ ń dẹ páńpẹ́ fún ní 1784? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Shuja-ud-Daula, bàbá ọba yìí, ní Buxar ní 1764. Láti 1773 ni aṣojú wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba Awadh, ọba ló sì ń sanwó àwọn ọmọ ogun East India Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó wà ní ilẹ̀ rẹ̀. Odi ogun tòótọ́ tiẹ̀ wà nítòsí Imambara náà, Macchi Bhawan lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Íńdíà gbógun ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1857, ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ lò, kí wọ́n tó fi ẹ̀tù fọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń kó lọ sí Residency, ọgbà tí aṣojú wọn ń gbé. Nígbà tí wọ́n padà wá gba ìlú ní oṣù Kẹta 1858, wọ́n gba Bara Imambara mọ́ ọn. Ọ̀nà 1,024 kò dá wọn dúró.

Ti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Delhi jìnnà sí Lucknow ju 400 kìlómítà lọ. Odò Gomti kò sì jìnnà sí ilé náà. Nínú ọgbà kan náà, kànga alátẹ̀gùn ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Shahi Baoli, àwọn àjà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ omi. Ibi tí omi ti sún mọ́ ilẹ̀ tó báyẹn, ta ló fẹ́ gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀ dé Delhi?

Bó o bá lọ síbẹ̀, má kọ́kọ́ gun òkè. Wọ gbọ̀ngàn náà ná, gbójú sókè wo bí òrùlé ṣe tẹ̀, kó o tó lọ wọ àárín àwọn ọ̀nà tóóró tó ń ràn án lọ́wọ́. Bí amọ̀nà bá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀tá, bi í léèrè nípa Kifayatullah.