Ẹ yéé sọ pé dúdú ò sí níbẹ̀

Ẹnì kan gbé lísìtì "àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn tó dáa jù láyé àtijọ́ l'Amẹ́ríkà" síbí láàárọ̀ yìí, Rockwell, Leyendecker, Howard Pyle, N.C. Wyeth, òyìnbó látòkè délẹ̀. Mo ní àwọn dúdú ńkọ́, wọ́n ní nígbà yẹn dúdú kankan ò sí nídìí iṣẹ́ yẹn. Inú bí mi gan-an ni. Kò sí kẹ̀?

Ẹ lọ wo Esquire, ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin l'Amẹ́ríkà. 1933 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Arnold Gingrich tó jẹ́ olóòtú ẹ̀ ń wá àwòrán ẹ̀fẹ̀ aláwọ̀ mèremère kiri, ìgbà tí wọ́n júwe ayàwòrán kan tó ń jẹ́ E. Simms Campbell fún un ló forí lé Harlem, àdúgbò àwọn dúdú ní New York, àfi bó ṣe bá òkìtì àwòrán nílé ọkùnrin yẹn, bí Campbell ṣe wọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ohun tó lé lógún ọdún. Esky, bàbá onírunmú tójú ẹ̀ yọ síta tí wọ́n fi ń dá ìwé yẹn mọ̀, Campbell ló kọ́kọ́ yà á. Ọmọ St. Louis ni, dúdú bíi tèmi tìẹ. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń fi 50 sẹ́ǹtì ra Esquire, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lórí àwòrán ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé dúdú ló yà á, orúkọ nìkan ni wọ́n ń rí.

Ẹ ẹ̀ gbọ́ ohun tí Rockwell fúnra ẹ̀ sọ nípa Saturday Evening Post, ìwé ìròyìn tó ń yàwòrán fún? Ó ní wọ́n ní kóun pa dúdú kan rẹ́ nínú àwòrán òun, torí ìránṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fẹ́ kí dúdú jẹ́ nínú ìwé wọn. Ìgbà tó kúrò níbẹ̀ ní 1963 ló tó rí Ruby Bridges yà fún ìwé ìròyìn Look, nínú oṣù kìíní 1964, ọmọdébìnrin dúdú tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ń sìn lọ síléèwé yẹn.

Mi ò tíì dárúkọ Aaron Douglas o, dúdú tóun náà ń yàwòrán sínú ìwé ìròyìn. Leo Dillon ńkọ́, dúdú tòun àti Diane ìyàwó ẹ̀ gba Caldecott, àmì ẹ̀yẹ àwòrán ìwé ọmọdé l'Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mejì léraléra, 1976 àti 1977? Ìwé ti 1977 yẹn, Ashanti to Zulu, tó to àwọn ẹ̀yà Áfíríkà láti A dé Z, ẹ ṣí i dé lẹ́tà Y, Yorùbá ló wà níbẹ̀! Àwa gan-an wà nínú ẹ̀, ẹ wá ń sọ pé kò sẹ́nì kankan.

Ohun tó kàn ń dà mí láàmú ni pé Campbell yìí, ọmọge òyìnbó àti bàbá olówó òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ohun tó yà fún wọn. Máàpù ilé fàájì Harlem tó yà ní 1932, ìyẹn kún fún àwọn èèyàn wa, ijó, orin, ariwo, èèyàn á wò ó á mọ̀ pé ọkàn ẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1957 ó kó lọ sí Switzerland. Ṣé ohun tó wù ú ló ń yà fún Esquire ni, àbí ohun tí wọ́n á sanwó fún? Tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n á sanwó fún ni, kí lèmi wá fẹ́ máa fi yangàn gan-an?