Ẹ Jẹ́ Ká Padà sí Kámpù, Ṣùgbọ́n Ṣé AC Wà Níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará Èkìtì, àṣà tuntun tún ti dé o. Ìnáwó òkú ti sú wọn, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ti sú wọn, ó wá ku kí àgbàlagbà tó lọ́mọ ní yunifásítì di ẹrù sínú báàgì kó ní òun ń lọ kámpù. Kámpù wo? Èyí tí wọ́n lọ lọ́mọdé nígbà họlidé, ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn.

Ibẹ̀ dáa, mi ò bá wọn jà sí i. Láti 1952 tí míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, ti sọ ọ́ di kámpù, ọmọ RA àti GA (ẹgbẹ́ ọmọkùnrin àti ẹgbẹ́ ọmọbìnrin nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi) tó ti sùn lórí ẹní níbẹ̀ ò lóǹkà. Àwọn tó ń padà lọ báyìí ni mo ń bá wí.

Orí WhatsApp ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á gbé fótò kan tó ti pọ́n sórí gúrúùpù, "ta ló rántí èyí?", kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti yan alága (ará Houston ni, dandan), wọ́n ti yan ankara, wọ́n ti ń pariwo lé àwọn tí ò tíì sanwó, ẹni tó sì máa ń bu gààrí onígààrí mu nígbà yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe akápò. Ẹ máa wò ó ná.

Ọjọ́ pé. Jíìpù tò tẹ̀lé ara wọn láti Adó, wọ́n gba Àràmọ̀kọ, wọ́n gba Erìjiyàn, wọ́n ń fun fèrè bí ẹni ń gbé ìyàwó. Wọn ò tíì bọ́ọ́lẹ̀ tán tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ á ṣiṣẹ́ mọ́júmọ́, ṣé omi inú balùwẹ̀ gbóná. Omi gbígbóná! Ní Ìkógòsì! Ẹni tó ń gbé garawa lórí ní ìdájí nígbà yẹn ló ń bèèrè o, ó lóun ò lè sùn sí yàrá tí kò ní AC, ẹ̀yìn ń dun òun.

Ó wá kan fótò. Alága á ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi gbígbóná, á ki tòsì bọ tútù, á gbé agbádá sókè, onífótò á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i", ibi tó ti ń wá ẹ̀rín ni omi ti gbé sílípáàsì ẹ lọ, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tú jáde pẹ̀lú ankara tutù, wọ́n ń lé bàtà kiri inú igbó. Èyí ò ní dé Facebook, ẹ fọkàn balẹ̀.

Èmi ò tiẹ̀ rò pé kámpù ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n fẹ́ kí kámpù rí wọn ni.

Àfi màmá tó ń se oúnjẹ fún wọn nígbà yẹn ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á lọ gbé ìyá wá láti ilé, wọ́n á fún un ní àga níwájú, alága á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí kámẹ́rà lè ká a. Ìyá á wò ó títí, á wá ní, "Háà, ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń tọ̀ sórí ẹní?" Gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Kíá ni wọ́n á gbé àpò ìrẹsì fún màmá, wọ́n á ní kí wọ́n tètè gbé ìyá lọlé, òòrùn ti ń mú.

Bí wọ́n ṣe jẹyán tán báyìí, wọ́n ti ń sọ ti ọdún tó ń bọ̀. Dubai ni ọ̀pọ̀ dìbò fún, wọ́n ní ariwo ò ní sí níbẹ̀, wọ́n á lè fara balẹ̀ rántí Ìkógòsì.